Ẹtánọ́ọ̀lù àbí Bẹntiróòlù: Èwo Ló Yẹ Ọkọ̀ Onítọ́bò?

Ní ọ̀pọ̀ jùlọ ilé epo tó wà ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, oríṣi epo méjì ni awakọ̀ máa ń bá lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo: bẹntiróòlù tí wọ́n ti po ẹtánọ́ọ̀lù díẹ̀ mọ́, àti ẹtánọ́ọ̀lù gan-an, tí í ṣe ọtí líle tí wọ́n ń pọn púpọ̀ nínú rẹ̀ láti inú omi ìrèké. Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì fò sókè lójijì ní ọdún 1973 tí ó sì gbọ́n àpò ìjọba ilẹ̀ náà gbẹ, wọ́n dá ètò tí wọ́n ń pè ní Proálcool sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ní ọdún 1979 ilé-iṣẹ́ Fiat gbé ọkọ̀ 147 tó ń mu ẹtánọ́ọ̀lù nìkan jáde, nígbà tó sì di ọdún 2003, Volkswagen gbé Gol Total Flex dé, èyí tó lè mu èyíkéyìí nínú epo méjèèjì tàbí àdàlù wọn. Ìrèké kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ náà, nítorí oko ìrèké agbègbè Recôncavo ní Bahia wà lára ibi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, lọ ṣe ẹrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ São Paulo ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ìrèké òde òní.

Ìṣirò kan wà tí tọmọdé tàgbà awakọ̀ ibẹ̀ mọ̀ dunjú: bí owó lítà ẹtánọ́ọ̀lù kan kò bá kọjá ìdá 70 nínú 100 owó lítà bẹntiróòlù kan, ẹtánọ́ọ̀lù ni kí ènìyàn rà, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí ó ra bẹntiróòlù. Bí bẹntiróòlù bá jẹ́ réàlì 6 nínú owó Bùràsíìlì, nígbà náà, ẹtánọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ju réàlì 4.20 lọ. Ìdí ìṣirò yìí ni pé agbára tó wà nínú lítà ẹtánọ́ọ̀lù kan kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó wà nínú lítà bẹntiróòlù pọ́ńbélé lọ, nítorí náà ọkọ̀ tó ń mu ẹtánọ́ọ̀lù kì í rìn jìnnà kí táǹkì rẹ̀ tó gbẹ. Fún ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, ìṣirò náà tọ́, kò sì sí àríyànjiyàn púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọkọ̀ onítọ́bò, ó kù díẹ̀ káàtó, nítorí owó nìkan kọ́ ni ohun tí epo méjèèjì fi yàtọ̀ nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ooru náà wà níbẹ̀.

Tọ́bò jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì máa ń yí. Bí ó ti ń yí ni ó ń fa atẹ́gùn láti ìta, tí ó ń fún un pọ̀, tí ó sì ń tì í wọ inú sílíńdà, ìyẹn ihò róbótó tí epo ti ń jóná, kí atẹ́gùn tó ju èyí tí ẹ́ńjìnnì ìbá fà fúnra rẹ̀ lè bá epo púpọ̀ sí i pàdé. Ọ̀nà yìí ni ẹ́ńjìnnì kékeré fi ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Àmọ́ atẹ́gùn tí a bá fún pọ̀ kò ní ṣàì gbóná, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé rédíétọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní intercooler sójú ọ̀nà rẹ̀ láti tù ú, bí kò tilẹ̀ lè gba gbogbo ooru náà tán.

Ooru tó ṣẹ́kù yìí ni baba ìṣòro. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí epo, iná náà a sì ràn láti ibẹ̀ dé ògiri sílíńdà. Bí ooru àti ìfúnpọ̀ bá ti pọ̀ jù, epo tí iná kò tíì kàn a gbiná fúnra rẹ̀, a sì bú gbàù lójijì. Ìbúgbàù àìtásìkò yìí a máa dún kan-kan-kan nínú ẹ́ńjìnnì, bí kò bá sì tètè dáwọ́ dúró, ó lè fọ́ písítìn tàbí kó yọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà ọ́kítéènì tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ ilé epo ni ó ń sọ bí epo kan ṣe lè rọ́jú tó kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 87 ni ti epo tí gbogbo ènìyàn ń rà, 91 tàbí 93 ni ti èyí tó wọ́n jù, nígbà tí ẹtánọ́ọ̀lù pọ́ńbélé, bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n, sún mọ́ 100.

Ọ́kítéènì nìkan kò tilẹ̀ sọ gbogbo ìtàn náà tán. Bí sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá aláìsàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́ ṣe máa ń tutù lára bó ti ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹtánọ́ọ̀lù ṣe ń fa ooru láti inú atẹ́gùn tó yí i ká nígbà tó bá ń di oru, ooru tí kìlógíráàmù rẹ̀ kan ń fà sì ju ìlọ́po méjì ti bẹntiróòlù lọ. Yàtọ̀ sí èyí, kìlógíráàmù bẹntiróòlù kan nílò nǹkan bíi kìlógíráàmù atẹ́gùn 14.7 kó tó jó tán, ṣùgbọ́n 9 péré ni ti ẹtánọ́ọ̀lù, tó fi jẹ́ pé fún ìwọ̀n atẹ́gùn kan náà, ẹ́ńjìnnì ní láti tú ẹtánọ́ọ̀lù tó pọ̀ gan-an ju bẹntiróòlù sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ àbùkù ẹtánọ́ọ̀lù nílé epo wá di ẹ̀bùn nínú sílíńdà: bí èyí tó ń wọlé ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìtútù rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tọ́bò sì lè túbọ̀ fún atẹ́gùn pọ̀ láìsí ewu.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti fi èyí hàn gbangba. Ní ọdún 2005, Saab ti ilẹ̀ Swídìn gbé ọkọ̀ 9-5 onítọ́bò kan jáde, tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 150 lórí bẹntiróòlù, tó sì di 180 lórí E85, ìyẹn àdàlù tí ẹtánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀ ju bẹntiróòlù lọ. Volkswagen Polo 200 TSI tí wọ́n tà ní Bùràsíìlì tẹ́lẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1 lọ, ní agbára ẹṣin 116 lórí bẹntiróòlù àti 128 lórí ẹtánọ́ọ̀lù. Koenigsegg Jesko, tó jẹ́ ọkọ̀ àwọn olówó tí ń fowó ṣeré, fò láti 1,280 dé 1,600. Nínú gbogbo wọn, kì í ṣe pé epo náà gbé agbára kún ara rẹ̀. Bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló dá epo mọ̀ tó sì jẹ́ kí tọ́bò fún atẹ́gùn sí i, tàbí kí púlọ́ọ̀gì ṣáná ṣáájú bó ti máa ń ṣe. Ẹni tó bá da ẹtánọ́ọ̀lù sínú ọkọ̀ onítọ́bò tí bréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kò ní rí èrè kankan ju pé epo rẹ̀ yóò tètè tán lọ, àti pé, nígbà tí ínjẹ́kítọ̀ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì kò bá lè fín tó bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó, ẹ́ńjìnnì náà yóò máa gbóná ju bó ti yẹ lọ. Èyí tó burú jù ni òdìkejì rẹ̀: ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ètò rẹ̀ tò fún ẹtánọ́ọ̀lù nìkan, tí ẹnìkan wá rọ bẹntiróòlù sí. Irú èyí lè pa ẹ́ńjìnnì nígbà àkọ́kọ́ tí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́lẹ̀ dáadáa.

Orúkọ E85 pàápàá a máa tan ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, ẹtánọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ohunkóhun láti ìdá 51 dé ìdá 83 nínú 100, wọ́n sì máa ń dín in kù nígbà òtútù, torí pé ẹtánọ́ọ̀lù kì í fẹ́ di oru nínú òtútù, ẹ́ńjìnnì a sì ṣòroó jí. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń fi sẹ́ńsọ̀ kan sójú ọ̀nà epo tí yóò máa sọ fún bréènì bọ́ọ̀sì iye ẹtánọ́ọ̀lù tó ń kọjá. Ní Bùràsíìlì, láti mọ iye ẹtánọ́ọ̀lù tó wà nínú bẹntiróòlù, oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú òun: wọ́n á bu mìlílítà 50 bẹntiróòlù sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fàlà sí lára, wọ́n á fi omi iyọ̀ 50 kún un, wọ́n á rọra yí i sódì lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀. Ẹtánọ́ọ̀lù a kúrò lára bẹntiróòlù, a lọ bá omi nísàlẹ̀. Bí ojú omi bá gòkè láti 50 dé 64.5, wọ́n á sọ 14.5 náà di ìlọ́po méjì, wọ́n á fi 1 kún un, yóò sì jẹ́ 30, ìyẹn ìdá tí ìjọba pàṣẹ fún bẹntiróòlù gbogbogbò láti oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Ìfẹ́ tí ẹtánọ́ọ̀lù ní sí omi yìí kan náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kì í rìn déédéé, torí ó ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ irin àti rọ́bà tí wọn kò ṣe fún un. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n ṣáá: ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ní Bùràsíìlì ní nǹkan bí ìdá 5 omi nínú 100, ẹ́ńjìnnì sì ń mu ún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ògógóró, tí ọtí inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹtánọ́ọ̀lù, ní omi tó pọ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè fara dà lọ.

Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ onítọ́bò lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí kò tún un tò, bẹntiróòlù tó ní ọ́kítéènì tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ tó o. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún epo méjèèjì, awakọ̀ lè san iye díẹ̀ kún ìdá 70 yẹn bó bá jẹ́ agbára ló ń wá, kó sì mọ̀ pé ìrìn tí gálọ́ọ̀nù E85 kan ń gbé ọkọ̀ fi ìdá 15 sí 27 nínú 100 kéré sí ti bẹntiróòlù, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ti sọ.

Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2007 pé kí wọ́n máa po ẹtánọ́ọ̀lù mọ́ bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí awakọ̀ ń bá pàdé nílé epo. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń ti ibòmíràn wọlé. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ FlexFuel sí lára, tàbí tí ìdérí táǹkì rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, lè mu bẹntiróòlù láìsí ìyọnu. Èyí tó gba ìfura ni tòkunbọ̀ onítọ́bò tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti tún tò fún E85 nìkan, tí ínjẹ́kítọ̀ ńláńlá àti pọ́ǹpù epo tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà sì wà lára rẹ̀. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó kúrò lójú kan, mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka bréènì bọ́ọ̀sì ní láti dá ètò inú rẹ̀ padà sí ti bẹntiróòlù, kí ó sì dín bí tọ́bò ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ kù.