Adágún Léman ní Ẹsẹ̀ Òkè Alps

Àwọn ará ilẹ̀ wa tí wọ́n ń lọ sí ìpàdé Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ní ìlú Geneva, ní ilẹ̀ Swítsálandì, kò lè ṣàìrí adágún Léman, nítorí etí rẹ̀ ni a tẹ ìlú náà dó sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ẹ̀rọ ńlá nì tí ń tu omi sókè ní ìwọ̀n 460 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó sì yí padà sí ilé àlejò rẹ̀, lójú tiwa kò tíì rí adágún náà rárá. Ọkọ̀ ni kí ó wọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bá a lọ, ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣì ń ná ojú omi yìí, tí kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ̀gbẹ́ wọn ń gbá omi bí wọ́n ti ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Gígùn adágún náà tó 45 máìlì, ìbú rẹ̀ níbi tí ó ti fẹ̀ jù sì tó 9 máìlì. Ní ọwọ́ òsì ni oko àjàrà Swítsálandì wà, tí a fi ògiri òkúta gbé ró ní ẹsẹẹsẹ lórí òkè. Ní ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀ Faransé. Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a wọ ọkọ̀ ní Évian ti Faransé lọ síbi iṣẹ́ wọn ní Lausanne, wọn a sì padà wá sùn sílé lálẹ́, bí ẹni pé kò sí ààlà ilẹ̀ méjì láàárín omi náà.

Yìnyín ni ó gbẹ́ kòtò yìí. Ní ìgbà àtijọ́ tí òtútù bo ilẹ̀ náà, omi dídì tí ó ga bí òkè ń wọ́ bọ̀ láti àfonífojì odò Rhône, ó ń lọ àpáta bí ọlọ ti í lọ ata. Nígbà tí ó yọ́, omi kún ihò náà, jíjìn rẹ̀ sì lé ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Títí di òní, odò Rhône ń wọ inú rẹ̀ ní ìlà oòrùn pẹ̀lú òtútù àti ẹrẹ̀, a sì rì sábẹ́ omi adágún nítorí ìwúwo rẹ̀. Ní Geneva ni omi ti ń jáde ní mímọ́ gaara. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé omi tí ó wọlé a lo bí ọdún 11 kí ó tó jáde. Àlejò wo ni ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀!

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé omi jẹ́jẹ́ ni. Ní ọdún 563, òkè kan tí à ń pè ní Tauredunum wó lulẹ̀ sí àfonífojì Rhône lókè adágún náà. Ìgbì dìde, ó gbá abúlé àti ẹran ọ̀sìn lọ, ó fo odi ìlú Geneva, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bíṣọ́ọ̀bù méjì ayé ìgbà náà, Marius ti Avenches àti Gregory ti Tours, kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Geneva tẹ ìwádìí jáde pé àwọn bá ẹrẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ adágún. Wọ́n ṣírò pé ìgbì náà ga tó 43 ẹsẹ̀ bàtà ní Lausanne àti 26 ní Geneva, níbi tí ó dé lẹ́yìn bí 70 ìṣẹ́jú.

Nígbà náà, omi mì jù. Ní ayé ìsinsìnyí, àìmì rẹ̀ ni ó ń kó àwọn olùṣọ́ rẹ̀ lọ́kàn sókè. Nígbà òtútù tí ó mú gidi, omi ojú adágún a tutù, a wúwo, a sì rì, a gbé afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìgbà òtútù ọdún 2012 ni èyí ṣẹlẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà kò tún dé ibẹ̀, nítorí òtútù kò mú bí ti àtijọ́ mọ́. Ìgbìmọ̀ tí Faransé àti Swítsálandì jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 ni ó ń wọn afẹ́fẹ́ náà. Ìyọnu kan ti wà rí tí apá ènìyàn ká: ọṣẹ ìfọṣọ tí èròjà phosphate rẹ̀ ń mú kí ewéko omi hù jù, Swítsálandì sì fi òfin dè é ní ọdún 1986. Ṣùgbọ́n òfin wo ni a ó fi pe òtútù padà?

Ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ kò lè fojú rí nǹkan wọ̀nyí. Omi tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni yóò rí, àti òjìji òkè nínú rẹ̀. Síbẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ń mu omi adágún yìí, àlejò tí ó bu ife kan mu ní Geneva sì wà lára wọn.