Pàṣán Inú Ilé àti Ẹgbẹ́ Ìta

Bí ọmọkùnrin kan bá wọ ẹgbẹ́ jàgùdà, a máa ń wí pé ọ̀rẹ́ búburú ni ó bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè ohun tí ó lé e jáde nílé kí ó tó bá ọ̀rẹ́ náà pàdé.

Ọ̀ràn náà ti pẹ́. Láti 1907 tí rélùwéè ti dé Òṣogbo, ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo agbègbè wa, fún oníṣòwò àti fún ọmọ tí ń sá pẹ̀lú. Láti nǹkan bí 1930 ni Ìbàdàn ti ń ráhùn nítorí àwọn jàgùdà tí ń yọ àpò ènìyàn lọ́jà. Èkó ní tirẹ̀ nígbà náà, àwọn tí a ń pè ní Boma Boys, tí ń mú atukọ̀ òkun àti sójà lọ sí ilé àwọn aṣẹ́wó kí wọ́n lè rí owó gbà. Ní 1941 ìjọba fi Ọ̀gbẹ́ni Donald Faulkner ṣe alábòójútó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ní 1943 a ṣe òfin nípa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a dá padà sí ìlú wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé wo ni wọ́n padà sí? Bí ó bá jẹ́ ilé tí a ti so ọmọ mọ́ òpó, tí a fi bẹ́líìtì lù ú, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi sá.

Kí a má bàa wí pé èrò tiwa lásán nìyí, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rí wá láti Amẹ́ríkà. Ní 1989 Cathy Spatz Widom fi ìwádìí kan hàn lórí ọmọ 908 tí ilé-ẹjọ́ ti rí i pé a ṣe níkà tàbí pé a pa tì kí wọ́n tó pé ọdún 12. Ó fi wọ́n wé 667 mìíràn tí ó jọ wọ́n. Nínú 100 àwọn ti ìṣáájú, 26 ni ọlọ́pàá mú nígbà èwe. Nínú 100 àwọn kejì, 17. Ẹ kíyè sí i pé 74 ni a kò mú nígbà èwe. Ìyà kì í sọ gbogbo ọmọ di olè.

Ọmọ tí a lù nítorí pé baba mu ẹmu yó, tí ó sì rí ojú ìyá rẹ̀ tí ó wú, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé alágbára ni ó ń jàre. Ó dé ibùdókọ̀, àgbà ọmọ ìta kan fún un ní gààrí, ó fún un ní orúkọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun tí ó yẹ kí baba fún un nìyẹn! Bí ọ̀gá náà bá sì padà nà án, kò yà á lẹ́nu, ó ti mọ̀ ọ́n láti ilé.

Ọmọkùnrin kò lè ṣe aláìní ẹgbẹ́. Ẹ wo agbo ilé àwọn onílù ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun: ọmọdé ń jẹ́ orúkọ Àyàn, ó ń tẹ̀lé baba àti ẹ̀gbọ́n lọ òde, ó ń gbọ́ kí a yìn ín. (A kò wí pé a kì í na ọmọ nílé onílù o.)

Àwọn kan yóò wí pé Sólómọ́nì yọ̀ǹda pàṣán. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn baba ní Kólósè pẹ̀lú nípa ìbínú àwọn ọmọ wọn. Àwọn àgbà wa ní bí ọwọ́ ọ̀tún bá bá ọmọ wí, kí òsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó dàbí ẹni pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àgbà àti ará ilé, bí ẹ bá gbọ́ igbe ọmọ lóru, ẹ má ṣe wí pé ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Ẹ gbà á kí ó sùn lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì pe baba rẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹmu bá ti dá lójú rẹ̀.