Ariwo Inú Sípíkà: Iná Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

(Ọ̀rọ̀ tí admin sọ sí voice note. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí data rẹ̀ kò tó.)

Ẹ̀yin ará wa ní Kantin Kwari, admin yín ni. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa tó ń ta léèsì bi mí léèrè pé amplifier ilé àwọn ń hu hùùù, ohùn rẹ̀ sì máa ń wọlẹ̀ bó bá ti di alẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ nínú owó ọjà ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó ọjà." Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo wa.

Iná tí amplifier ń gbà lára ògiri náà ló ń yí padà tó fi ń ti sípíkà. Bí iná bá burú, ohùn á burú. 230 volt ló yẹ kó máa wọlé wa. Ṣùgbọ́n ní Sabon Gari, níbi tí yàrá mẹ́wàá ti ń fa wáyà kan, tí gbogbo wa bá ti ọjà dé, tí fáànù, fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù jọ ń ṣiṣẹ́, iná á wálẹ̀ gan-an. Ẹ gbé ohùn sókè báyìí, á máa fọ́. Kì í ṣe pé amplifier kéré, ebi ló ń pa á.

Iná tó pọ̀jù ló tún burú jù. Èmi ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Mo lọ sọ́jà, mi ò yọ plug. Iná dé, àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo "An kawo wuta!" Kò pẹ́, èéfín ti ń jáde lára amplifier mi. Wáyà neutral ló já lórí òpó. Bí neutral bá já, iná ilé kan á wálẹ̀, ti ilé kejì lè gun 300 volt kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, bí iná bá lọ, mo máa ń yọ plug. Bó bá dé, mo máa ń dúró díẹ̀ kó fìdí múlẹ̀.

Ó yá, kí la máa ṣe? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ná wa lówó.

Èkíní, ariwo hùùù. Bí amplifier bá gba iná lára ògiri kan, tí decoder gba tirẹ̀ lára òmíràn, iná kékeré á máa gba inú wáyà ohùn tó so wọ́n pọ̀ kọjá. Òun lẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹ kó gbogbo wọn sórí extension kan tó dáa. Bó bá ṣì ń hu, ẹ yọ wáyà dish lẹ́yìn decoder wò. Bó bá dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gé ẹsẹ̀ earth lára plug o! Réwáyà kan gé tèmi, ariwo lọ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi fọwọ́ kan ara amplifier, iná mú un, ó jù ú sẹ́yìn. Ọlọ́run ló yọ wá. Earth náà ló yẹ kó gbé iná yẹn lọ sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Kánò máa ń gbẹ táútáú ní ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì gba iná dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ri irin earth jìn, níbi tó máa ń tutù, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí réwáyà tó mọṣẹ́ fa wáyà 2.5mm láti board wá fún un lọ́tọ̀, pẹ̀lú breaker tirẹ̀. Ìró "tóò" tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ bí fíríìjì bá fẹ́ gbéra, nítorí pé wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan ni. Sókẹ́ẹ̀tì tó bá ń gbóná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Ẹ̀kẹta, stabilizer. Ẹ ka iye watt tó wà lẹ́yìn gbogbo ẹrù yín, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ ra èyí tó jù ú lọ dáadáa. Ẹ wo iná tó kéré jù tó lè gbà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i lára. Ẹ yan èyí tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó fi iná sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó ń lo inverter, "pure sine wave" ni kẹ́ ẹ béèrè. Èyí tí wọ́n kọ "modified" sí lára lè mú kí amplifier máa kùn.

Ẹ̀gbọ́n wa kó ẹrù wọn sórí extension kan, ariwo ti lọ. Ó ku stabilizer. Owó ọjà wọn ṣì wà lọ́jà.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi voice note ránṣẹ́. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ilé, á bá wa ṣọ́ ọjà. Ó dàárọ̀ o.