Búrẹ́dì Oní-Sódà Ti Àwọn Ará Ireland

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹni tí búrẹ́dì funfun di oúnjẹ àárọ̀ fún, tí kò sì lè yàgbẹ́ déédéé, ẹ ṣe èyí fún un. Láti nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn ará Ireland ti ń fi sódà ṣe é, nítorí àlìkámà ilẹ̀ wọn rọ̀, kò bá ìwúkàrà mu. Inú ìkòkò irin ni wọ́n ti ń yan án nígbà náà, ẹyín iná lórí ìdérí.

Ẹ mú ìyẹ̀fun àlìkámà tí a kò yọ èèrí rẹ̀, gíráàmù 225, funfun 225, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, sódà ṣíbí tíì kan tí a rẹ́ lórí. Ẹ da omi wàrà kíkan bíi mìlílítà 400 sí i. Bí kò bá sí, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú wàrà lásán. Kíkan yìí ni ó ń bá sódà jà tí búrẹ́dì fi ń wú. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀, ẹ má sì pò ó bí ẹni ń gún iyán! Ẹ fi ọ̀bẹ la àgbélébùú sí i lórí kí àárín rẹ̀ lè jinná. Ẹ yan án nínú ààrò gbígbóná, ìwọ̀n 200 ti Celsius, fún ìṣẹ́jú 40 sí 45. Bí ẹ bá kan ìdí rẹ̀ tí ó dún bí àpótí òfìfo, ó ti jinná.

Èèrí inú rẹ̀ ni ó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, bí a bá ń mu omi dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ ṣọ́ra: èròjà inú iyọ̀ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru wà nínú sódà pẹ̀lú. Ẹ dín iyọ̀ rẹ̀ kù, kí ẹ sì jẹ ẹ́ níwọ̀nba, láìsí bọ́tà oníyọ̀.