Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Okùn pupa ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọkọ̀ láti Àgbádárìgì sọdá sí Gbẹrẹfú, ṣé ẹ ti kíyè sí okùn náà rí?

1. Orí rẹ̀ kan wà lábẹ́ bọ́tìnnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Ọrùn ọwọ́ atukọ̀ ló yẹ kí orí kejì wà. Bí ìgbì bá gbé e ṣubú, okùn á fà yọ, iná ò ní í dé púlọ́ọ̀gì mọ́, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀.

2. Bí kò bá wá kú ńkọ́? Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fọwọ́ darí lẹ́yìn ọkọ̀ máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀. Ọkọ̀ á wá máa pòòyì, á tún padà wá bá ẹni tó jábọ́, tòun ti irin tó ń yí lábẹ́ omi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa pàápàá lè má bọ́.

3. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà ti sọ lílo okùn yìí tàbí irú rẹ̀ dòfin fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26.

Àwọn kan ń fi ike há abẹ́ bọ́tìnnì náà kí okùn má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ó ń dùn mí gan-an!

 

Kọ́kọ̀ tó ṣí, ẹ bi atukọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, okùn yín dà?” Ẹ bá wa pín in dé Tọpó àti Yovoyan o.