Ojú Ta Ni Awakọ̀ Yìí Fi Ń Ríran?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó, mò ń lọ sí Olúpọ̀nnà. Iwájú ni mo jókòó sí. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ó sì mọ kòtò ọ̀nà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, iná kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ni Bàbá bá bi ọmọ kọ́ńdọ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀kadà ni àbí mọ́tò olójú kan?"

"Ọ̀kadà ni, Bàbá."

Bàbá tún tẹ iná mọ́ ọn. Nígbà tó bèèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó yé mi pé ojú ọmọ yẹn ni gbogbo wa fi ń rìnrìn àjò.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo fi àwàdà bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin Bàbá, awò ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọ̀nà tí mo ti ń rìn kí wọ́n tó bí ọ, kí ni mo fẹ́ fi awò wò níbẹ̀?" Wọ́n fa láísẹ́ǹsì yọ. Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Àyè kan wà lára ìwé náà tó ń sọ bóyá ẹni tó ni ín ń lo awò; "N" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé kò lò ó.

Ọ̀rọ̀ pé kí ẹnì kan máa yẹ awakọ̀ wò lójú ọ̀nà kò jìnnà sí wa rárá. Agbègbè wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lápajù, Wọlé Ṣóyínká tó ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀ nígbà náà kò sì dákẹ́. Ní 1977, nígbà tí David Jemibewon jẹ́ gómìnà ológun, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀yọ́ ni Ìwó àti Olúpọ̀nnà wà nígbà yẹn; 1991 ni wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun jáde. Àwọn àgbà tó gbó dáadáa á ṣì rántí orúkọ tí ará ìlú sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà: Maja-maja. Ìjọba àpapọ̀ tú wọn ká ní 1983. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Babangida ṣe òfin karùndínláàádọ́ta, Decree 45, ní oṣù kejì ọdún 1988, tó bí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a mọ̀ lónìí. Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́, Olú Agúnlóyè sì ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́.

Eré àsápajúdé, àpọ̀jù èrò àti táyà tó ti jẹ tán ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ara ẹni tó di sítíárì mú kò jẹ wọ́n lógún tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tiẹ̀ yá tí ìjọba fẹ́ yẹ awakọ̀ fúnra rẹ̀ wò, orí ni wọ́n gbájú mọ́. Ní Èkó, lẹ́yìn tí wọ́n dá LASTMA, àjọ tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ níbẹ̀, sílẹ̀ ní 2000, ẹni tó bá gba wọ́n-wéè lè bá ara rẹ̀ ní Yábàá níwájú dókítà ọpọlọ. Ní 2017, Boboye Oyeyemi tó ń darí FRSC nígbà náà kéde pé ẹni tó bá ń tẹ fóònù lórí ìrìn tàbí tó já iná pupa yóò gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ará Èkó fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ní tèmi, wọ́n ṣi ibi àyẹ̀wò mú. Ẹni tó gba wọ́n-wéè mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí kò rí tírélà tó dúró sójú ọ̀nà ni kò mọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá lè dá ọ dúró kó ní kí o ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà ní ogún mítà. Ọ̀fọ̀ ló mú wọn le sí i. Ní 2011, bàbá arúgbó ẹni ọdún 87 kan fìdí rẹmi nínú àyẹ̀wò ojú tí ọlọ́pàá ṣe fún un, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí wọ́n gba ìwé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló fi ọkọ̀ pa Cassie McCord, ọmọ ọdún 16, ní Colchester. Ìyá ọmọ náà jà títí wọ́n fi yí ìlànà padà ní 2013, tí ìwé fi ń di gbígbà láàárín wákàtí díẹ̀. Lọ́hùn-ún, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù tó fẹ́ padà sídìí ọkọ̀ lè lọ sí ibùdó àyẹ̀wò. Olùkọ́ ìwakọ̀ á jókòó tì í nínú ọkọ̀ tó ní bíréèkì méjì, wọn á jọ já sí títì, wọn á wo bó ṣe ń yà àti bó ṣe ń dúró.

Àwa kò ní irú ibùdó yẹn nítòsí. Ohun tí a ní ni pé FRSC máa ń kó nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn ojú lọ sí gáréèjì, pàápàá bí ọdún bá ń parí lọ. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á gbé páálí kọ́ ní mítà mẹ́fà. Lẹ́tà E ló dára jù fún ẹni tí kò kàwé: bí ẹsẹ̀ E bá kọjú sókè, kí awakọ̀ náwọ́ sókè, bó bá kọjú sí ọ̀tún, kó náwọ́ sí ọ̀tún. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Síbẹ̀ àwọn awakọ̀ ń sá. Ẹni tí tọ́ọ̀nù rẹ̀ ti kàn kò ní fi èrò sílẹ̀ nítorí páálí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ àwọn. Ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ni ìwé yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Láàárín ìgbà náà, àrùn ojú glókóòmà lè jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú ènìyàn mọ́lẹ̀ láìdùn ún rárá, kí ó máa rí iwájú gbọnrangandan, kó má rí ọmọ tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ ní gáréèjì tó ra awò fún awakọ̀ tó bá nílò rẹ̀. Ẹ̀yin Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé páálí yẹn dé Olúpọ̀nnà. Ẹ wá ní ìdájí, kí tọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó kàn, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi ọkàn àwọn awakọ̀ balẹ̀ pé ẹ kò wá gba ìwé ẹnikẹ́ni.