Epo Tí Ó Yẹ fún Èèkù Ọkọ́ àti Àdá, àti Ewu Tí Ó Wà Nínú Àkísà Rẹ̀

Nígbà ọyẹ́, igi èèkù a máa gbẹ, a sì máa sún kì. Irin ọkọ́ tàbí ti àáké tí ó ti le dan-in nígbà òjò yóò wá máa mì nínú ihò rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìkirè, ní Àpòmù àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká mọ ìyọnu yìí. Ẹlòmíràn a máa ri èèkù náà sínú omi kí igi lè wú. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti gbẹ, igi yóò tún sún kì, ó sì lè là pẹ̀lú. Epo ni ó yẹ kí a fi tọ́jú igi, kì í sì í ṣe gbogbo epo.

Epo pupa àti àdín kò dára fún iṣẹ́ yìí. Wọn kì í gbẹ lára igi. Eruku a máa lẹ̀ mọ́ wọn, èèkù a sì máa yọ̀ lọ́wọ́, èyí tí ó léwu púpọ̀ fún ẹni tí ó ń fi àdá ṣán oko. Epo linseed yàtọ̀. Hóró ọ̀gbọ̀ ni a ń fún un lára rẹ̀, ọ̀gbọ̀ kan náà tí a fi ń hun aṣọ, tí Ráhábù inú Bíbélì sì fi pòròpórò rẹ̀ bo àwọn amí mọ́lẹ̀. Epo yìí kì í fò lọ bí omi ti í ṣe. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà sára títí yóò fi di líle nínú igi. Kò lè dí omi lọ́nà pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó wọlé.

Oríṣi méjì ni ó wà lọ́jà. Èyí tí a kọ “raw” sí ara agolo rẹ̀ a máa gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó gbẹ, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí a kọ “boiled” sí lè gbẹ ní nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí méjì. Orúkọ yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a kò sè rárá: èròjà onírin ni a pò mọ́ ọn. Ó dára fún èèkù, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kan orógùn, odó tàbí ṣíbí onígi.

Kí igi gbẹ dáadáa, kí a sì fi ewé ìpín tàbí pépà iyanrìn bó o kí ó dán. Lẹ́yìn náà, kí a fi àkísà ta epo díẹ̀ sí i, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, kí a sì nu gbogbo èyí tí igi kò mu kúrò. Níbi nínù yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Epo tí ó bá nípọn lórí igi yóò máa lẹ̀ bí oje. Bí ó bá gbẹ, kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Igi tí a ti kùn ní ọ̀dà kò ní mu epo náà. Bákan náà ni a ti ń ṣe ọ̀pá snooker, tí a sábà máa ń fi igi ash tàbí maple gbẹ́, àfi pé epo tirẹ̀ kéré gan-an, kò sì gbọdọ̀ kan awọ orí ọ̀pá náà.

Ọ̀rọ̀ àkísà ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí epo yìí ti ń gbẹ, ooru ń jáde lára rẹ̀. Bí a bá ká àkísà rẹ̀ jọ sí igun ilé, ooru náà kò ní rí ọ̀nà lọ, àkísà sì lè gbiná láìsí ìṣáná. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1991, irú àkísà bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ dá iná sí ilé gogoro One Meridian Plaza ní Philadelphia, Amẹ́ríkà. Panápaná mẹ́ta ni ó kú níbẹ̀. Nínú abúlé tí àpò kòkó àti igi ìdáná wà nínú ilé kan náà, iná irú èyí kò ní ṣẹ́kù nǹkan kan. Kí a tẹ́ àkísà kọ̀ọ̀kan sórí okùn ní ìta títí yóò fi gan, tàbí kí a rì í sínú omi nínú agolo onídérí.

Ẹni tí kò bá rí linseed rà lè fẹ́ mọ̀ pé epo àwùsá náà jẹ́ epo tí í gbẹ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe ìwádìí rẹ̀ fún pípo ọ̀dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jíjẹ ni a mọ èso náà sí. Àkísà tirẹ̀ pẹ̀lú kò ṣeé kó jọ sínú ilé.